Ojú-ìwé tí kò gbàgbé

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi bí mo ṣe ń kọ̀wé rẹ́rìn-ín. Mi ò kàwé púpọ̀. Ilé ẹ̀kọ́ Faransé ni mo lọ nílùú wa, mi ò sì parí rẹ̀. Ìbàdàn ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ Yorùbá báyìí, nítorí àwọn lẹ́tà tí wọ́n fi ń kọ ọ́ lọ́dọ̀ wa yàtọ̀ díẹ̀. Bí ẹ bá dé ibi tí gbólóhùn mi ti wọ́, ẹ bá mi tún un ṣe lọ́kàn yín, kí ẹ sì máa kà lọ.

Kétu ni wọ́n bí mi sí. Kì í ṣe Kétu ti Èkó. Mo ní láti tètè sọ ọ́, nítorí gbogbo ẹni tí mo bá sọ fún ní Ìbàdàn ló máa ń béèrè bóyá mo mọ ọ̀nà ibi tí wọ́n ti ń wọ mọ́tò níbẹ̀. Kétu tèmi wà ní ilẹ̀ Benin, níbi tí a ti ń fi Yorùbá bá ara wa jà nínú ilé, tí wọ́n sì ń fi Faransé kọ ìwé ìbí wa. Mo rò pé bí mo bá dé Nàìjíríà, yóò dà bí ìgbà tí mo kàn ṣí lọ sí àdúgbò mìíràn. Èdè kan náà ni, àbí? Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù nìyẹn. Bí mo bá ti la ẹnu, àwọn èèyàn á yí orí wò mí. Wọ́n gbọ́ ohun tí mo sọ, síbẹ̀ wọ́n mọ̀ pé mi ò ti ibí wá. Tí wọ́n bá sì ń dá mi lóhùn, ìdajì rẹ̀ á jẹ́ òyìnbó. Àjèjì tí kò gbédè rárá, wọ́n máa ń ṣàánú rẹ̀. Èmi, wọ́n máa ń rò pé mò ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ ni.

Mo kọ́ láti dákẹ́. Kò nira fún mi, nítorí onítìjú ni mí láti kékeré.

Agbówó ni mò ń gbé, lọ́dọ̀ àbúrò ìyá mi. Ìyá mi ti kìlọ̀ fún mi kí n tó kúrò nílé pé àlejò kì í fi àwo tó jẹun sílẹ̀ fún onílé láti fọ̀. Mo gbà á gbọ́ débi pé mo máa ń fọ àwo mi kí àwọn tó kù tó jẹun tán. Irun mi pàápàá, èmi ni mò ń di í fúnra mi níwájú dígí. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé mo ni òun lára.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo rí ni ní ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tẹ̀wé. Mo ti kọ́ títẹ̀wé nílé, mo sì yára. Ọmọkùnrin kan mú iṣẹ́ rẹ̀ wá, ó jókòó tì mí. Mo tẹ ìlà bíi mélòó kan láìwo ọwọ́ mi, bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Nígbà tí mo gbójú sókè, mi ò mọ ohun tí mo tẹ̀. Ibi gbogbo tó yẹ kí A wà, Q ló wà níbẹ̀. Bọ́tìnnì àwọn ará Faransé àti ti ibí ò tò bákan náà, kò sì sẹ́ni tó sọ fún mi.

"Àǹtí, èdè wo rèé?" ni ọmọkùnrin náà wí.

"Ẹ má bínú."

"Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bóyá lẹ́kíṣọ́rà mi á rò pé mo ṣe ìwádìí jinlẹ̀."

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, mo sì pa ohun tí mo tẹ̀ rẹ́. Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá ti lọ jẹun ọ̀sán, èmi á jókòó, màá máa kọ́ àwọn ìka mi ní ibi tuntun tí A wà. Ìka kì í yára gbàgbé. Ṣùgbọ́n mo ti pinnu pé mi ò ní padà sílé nítorí lẹ́tà kan.

Ibẹ̀ ni Ọ̀gá Kọ́lá ti rí mi. Ọkùnrin tó ń rọra sọ̀rọ̀ ni, ọmọ olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ ìjọ Áńgílíkà, ó ní ọ́fíìsì lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Bódìjà, níbi tí èèyàn ti ń gbọ́ ariwo ẹ̀rọ tí ń la pákó láti àárọ̀. Iṣẹ́ tó ń ṣe ni pé ó máa ń kọ ètò kọ̀ǹpútà fún àwọn ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ìwòsàn kéékèèké. Ó ní kí n wá máa bá òun tẹ̀wé. Bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́, mo ń wo ohun tí òun náà ń kọ, títí ọjọ́ kan tí mo fi béèrè pé kí ni ìlà yẹn ń ṣe. Ó yí àga rẹ̀ sí mi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ mi.

Jáfà ni orúkọ èdè kọ̀ǹpútà tí a fi ń kọ ọ́. Ọ̀gá kì í bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀. Ó ní ohun kan tí wọ́n ń pè ní férémù, tí àwọn ẹlòmíràn ti kọ́ sílẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n bá ti gbé òpó àti òrùlé ilé dúró, tó kù kí o wá mọ ògiri àti yàrá sí i bó ṣe wù ọ́. Férémù àtijọ́ ni. Ó sọ fún mi pé àwọn ọ̀dọ́ kì í lò ó mọ́, ṣùgbọ́n ó ti mọ́ òun lára. Ohun tí èèyàn ń kọ sórí rẹ̀ ni ojú-ìwé, irú èyí tí ẹ máa ń rí lórí fóònù tó ní kí ẹ kọ orúkọ yín síbí, ọjọ́ orí yín síbí. Ojú-ìwé kọ̀ọ̀kan ní àwọn àpò tó ń kó nǹkan sí, àpò orúkọ, àpò ọjọ́ orí, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ.

"Ohun tó ṣòro," ni Ọ̀gá wí, "ni láti mọ ohun tó yẹ kó wà nínú àpò, àti ìgbà tó yẹ kó kúrò níbẹ̀. Férémù mọ̀ ọ́n. Sọ orúkọ àpò fún un, fi inú rẹ̀ sílẹ̀ láìkọ, á bá ọ ṣe ìyókù. Má ṣe ohun tó lè bá ọ ṣe."

Mo ní mo ti gbọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo jókòó, tí mo rí àpò tí inú rẹ̀ ṣófo, tí ẹlòmíràn máa wá bá mi kún, ó dà bíi pé mo jẹun, mo sì fi àwo sílẹ̀ lórí tábìlì. Mo fi ọwọ́ ara mi kọ gbogbo rẹ̀. Ó gùn, ó sì mọ́. Inú mi dùn sí i.

Ìyá mi máa ń pè mí lọ́jọ́ ìsinmi, lórí fóònù ẹ̀gbọ́n mi. Kì í béèrè iṣẹ́ kó tó béèrè oúnjẹ.

"Ṣé o ti jẹun?"

"Mo ti jẹun, Màámi."

"Kí lo jẹ?"

Tí mo bá sọ ọ́, á ní kì í ṣe oúnjẹ. Lẹ́yìn náà ló máa wá bọ́ sórí ọ̀rọ̀. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ṣọ́ọ̀bù kan ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ẹ̀gbọ́n mi, ìyá mi sì ti bá onílé sọ ọ́.

"Ó ní òun á fi í pamọ́ dè ọ́ títí òjò á fi dá. Wá máa ranṣọ bíi ti ẹ̀gbọ́n rẹ."

"Ẹ jẹ́ kí n parí iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ mi."

"Iṣẹ́ wo? Iṣẹ́ tí èèyàn ò lè fọwọ́ kàn?"

"Ilé ìwòsàn kan fẹ́ lò ó, Màámi."

"Tí wọn ò bá wá lò ó ńkọ́?"

Mo wo ògiri. "Màá wálé."

Mi ò pa irọ́ fún un. Ilé ìwòsàn àwọn aláboyún kan ní Baṣọ̀run ló ní kí Ọ̀gá bá àwọn ṣe ètò tí yóò rọ́pò káàdì wọn. Ọ̀gá ti kọ ojú-ìwé tí wọ́n ń kọ orúkọ sí. Èyí tó tẹ̀ lé e, níbi tí wọ́n á ti kọ iye ọmọ tí obìnrin ti bí, irú ẹ̀jẹ̀ tó ní, àti àìsàn tó ti ṣe é rí, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Ó ní, "Tìrẹ nìyí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí Mátírọ́ọ̀nù, olórí àwọn nọ́ọ̀sì wọn, bá gbà á, o di òṣìṣẹ́ níbí. Bí kò bá gbà á, mi ò ní tàn ọ́, kò sí iṣẹ́ mìíràn tí mo lè fún ọ."

Mo yẹ iṣẹ́ náà wò títí ó fi sú mi. Mo dá àwọn aláboyún sílẹ̀ látinú orí mi, mo fún wọn ní orúkọ àwọn tí a jọ lọ sílé ẹ̀kọ́. Mo kọ ti ẹnì kan, mo tẹ bọ́tìnnì tó ń ṣe àyẹ̀wò ohun tí a kọ, mo tẹ èyí tó ń fi í pamọ́, mo bọ́ sórí ẹni tó kàn. Kò sí àṣìṣe kankan.

Ọjọ́ tí a gbé e lọ sí Baṣọ̀run, nọ́ọ̀sì méjì jókòó sídìí kọ̀ǹpútà méjì. Èmi dúró sẹ́yìn nítòsí fèrèsé. Èyí àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ti obìnrin kan tó ti bímọ púpọ̀, ó tẹ bọ́tìnnì àyẹ̀wò, ni wọ́n bá pè é láti yàrá ìrọbí. Ó sáré lọ. Nídìí kọ̀ǹpútà kejì, ìyàwó ọ̀ṣìngín kan jókòó, ìyá ọkọ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì kejì kọ orúkọ rẹ̀, ó tẹ̀ síwájú, ojú-ìwé tèmi ṣí. Ó kà á sókè.

"Ẹ ti bímọ mẹ́rin."

Ìyàwó náà ní, "Èmi?"

"Ohun tó wà níbí nìyẹn. Ọmọ mẹ́rin. Ọ̀kan fi iṣẹ́ abẹ."

Ìyá ọkọ rẹ̀ yí padà pẹ̀lú gbogbo ara. "Ọmọ mẹ́rin. Fún ta?"

"Màámi, ẹ gbọ́—"

"Mò ń gbọ́. Mo ní fún ta? A ò tíì ṣe ọdún ìgbéyàwó yín."

Mátírọ́ọ̀nù, obìnrin gíga kan tó so gíláàsì rẹ̀ mọ́ ọrùn, wá dúró sáàárín wọn. Ó fi ọwọ́ kan èjìká ìyàwó náà, ó sì sọ fún ìyá ọkọ rẹ̀ pé kọ̀ǹpútà ló ń ṣèrànrán, òun fúnra òun ló yẹ ìyàwó náà wò, oyún àkọ́kọ́ rẹ̀ nìyí. Ìyá náà jókòó padà, ṣùgbọ́n kò gbé ojú kúrò lára ìyàwó náà. Mátírọ́ọ̀nù wá gbé gíláàsì sójú, ó ka ìyókù.

"Irú ẹ̀jẹ̀ yìí kì í ṣe tirẹ̀," ló sọ fún Ọ̀gá. Ohùn rẹ̀ ò ga. "Ẹ mọ ohun tó lè ṣẹlẹ̀ bí a bá fa ẹ̀jẹ̀ yìí sí i lára. Ẹ padà wá lọ́jọ́ Ajé. Bó bá tún ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ ká máa lo káàdì wa lọ."

Nínú kẹ̀kẹ́ tó gbé wa padà sí Bódìjà, Ọ̀gá ò bá mi wí. Ó béèrè ohun kan péré.

"Ta ló bá ọ yẹ̀ ẹ́ wò?"

"Èmi ni."

"Ìwọ àti ta?"



Ní ọjọ́ kejì, mo tún dá àwọn aláboyún mi sílẹ̀. Kò sí àṣìṣe. Mo ṣe é títí agogo oúnjẹ ọ̀sán, ojú-ìwé náà mọ́ bí ìgbà tí mo kọ ọ́. Bí mo bá dá wà pẹ̀lú rẹ̀, kò ní ẹ̀ṣẹ̀ kankan lọ́rùn. Mo wá rò ó pé bí èmi náà ṣe rí nìyẹn. Bí mo bá wà lémi nìkan, kò sí ibi tí mo ti ń sọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n á fi yí orí wò mí.

Nísàlẹ̀ ọ́fíìsì wa, onídìrí kan wà tó ń jẹ́ Fúnkẹ́. Láti ìgbà tí mo ti wà níbẹ̀, "Ẹ káàárọ̀" ni mò ń kí i, màá sì gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lọ. Òun ló sọ mí ní Kútọnu. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ títí ó fi rí mi.

"Kútọnu. Ṣé iná ló jó lókè?"

"Rárá. Mo fẹ́ kí ẹ bá mi ṣe nǹkan."

Ó sọ ìyarun kalẹ̀. "Kútọnu ń sọ̀rọ̀. Ẹ gbọ́ ọ." Obìnrin tó ń di irun fún rẹ́rìn-ín. "Ta ló di irun yìí fún ọ ná?"

"Èmi ni."

"Mo mọ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ń sọ̀rọ̀. Kí ni màá ṣe?"

Nígbà tó parí ti oníbàárà rẹ̀, ó gòkè wá pẹ̀lú ìyarun lọ́wọ́. Mo fi í sídìí kọ̀ǹpútà Ọ̀gá, èmi jókòó sídìí tèmi, mo sì sọ fún un pé kó fi ara rẹ̀ ṣe aláboyún. Ó gbádùn rẹ̀ gan-an. Ó fún ara rẹ̀ ní ọmọ mọ́kànlá. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ bọ́tìnnì àyẹ̀wò ni ẹnì kan ké pè é nísàlẹ̀.

"Mò ń bọ̀," ló wí, ó sì ti lọ.

Ọwọ́ mi ti nà láti bá a parí rẹ̀ kí n fi í pamọ́. Bí mo ṣe máa ń ṣe nìyẹn, mi ò lè rí ohun tí wọ́n ṣe dé ìdajì kí n fi í sílẹ̀. Mo fa ọwọ́ mi padà. Mo padà sídìí kọ̀ǹpútà tèmi, mo ṣí ojú-ìwé fún obìnrin tuntun.

Ọmọ mọ́kànlá ló wà níbẹ̀, ó ń dúró dè mí.

Mo rẹ́rìn-ín, èmi nìkan, nínú ọ́fíìsì. Lẹ́yìn náà ni mo rántí síléètì. Nílé ẹ̀kọ́ wa ní Kétu, síléètì ò kárí. Bí ẹnì kan bá ṣe ìṣirò tirẹ̀ tán, ó máa ń fà á fún ẹni tó kàn, àwọn tó bá ní ìwà á sì nù ún kí wọ́n tó fà á. Férémù kì í dá ojú-ìwé tuntun sílẹ̀ fún olúkúlùkù, bí kọ̀ǹpútà wọn tilẹ̀ yàtọ̀. Díẹ̀ ló ní, ó ń yá èèyàn lò, á gbà á padà, á sì yá ẹlòmíràn. Gbogbo àpò tí a bá fà lé e lọ́wọ́, á nù ún nígbà tó bá gbà á padà. Èyí tí èèyàn bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ, kò ní fọwọ́ kàn án, nítorí kì í ṣe tirẹ̀. Èmi ti kọ ọ́ pé kí àpò ṣófo nígbà tí wọ́n bá fi iṣẹ́ pamọ́, èmi tí mo máa ń parí ohun gbogbo. Mi ò ronú kan ẹni tí wọ́n lè pè lọ láàárín iṣẹ́.

Mo pa gbogbo ohun tó gùn tó sì mọ́ yẹn rẹ́. Mo kọ orúkọ àwọn àpò, mo fi inú wọn sílẹ̀. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n mo ṣe é.

Ìyẹn nìkan ò tó. Bí wọ́n bá nu ohun gbogbo, nọ́ọ̀sì tó sáré lọ gbẹ̀bí máa padà wá bá ojú-ìwé òfìfo. Mo ní láti jókòó, kí n rò ó ní àpò kọ̀ọ̀kan: èyí wo ni kò yẹ kó pẹ́, èyí wo ló jẹ́ ti gbogbo wọn, bí orúkọ ilé ìwòsàn, tí kò gbọ́dọ̀ yí padà, èyí wo ló sì yẹ kí férémù máa bá ẹnì kan tọ́jú ní orúkọ onítọ̀hún títí yóò fi dé. Nígbà tí Ọ̀gá dé, ó fi bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ fún férémù hàn mí. Ìlà kúkúrú ni.

Bí mo ṣe ń kọ ọ́, mò ń ro ara mi. Mo ti ń nu ara mi láti ìgbà tí mo ti dé, ohùn mi, bí mo ṣe ń kí èèyàn, lẹ́tà A mi. Mi ò tíì jókòó rí kí n rò ó pé èwo ni kò yẹ kí n nù.

Mo tún kọ ti Fúnkẹ́ dé ìdajì láti fi dán an wò kó tó padà gòkè ní ìrọ̀lẹ́. "Àwọn ọmọ mi dà?"

Mo yí kọ̀ǹpútà sí i. Wọ́n pé.

Lọ́jọ́ Ajé, Mátírọ́ọ̀nù ò jẹ́ kí nọ́ọ̀sì kankan jókòó. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ti obìnrin kan dé ìdajì, ó tẹ bọ́tìnnì àyẹ̀wò, ó dìde, ó sì lọ ṣí obìnrin mìíràn lórí kọ̀ǹpútà kejì. Ojú-ìwé ṣí. Òfìfo. Ó wò ó títí, ó tún wo abẹ́ rẹ̀. Ó wá rìn padà sídìí ti àkọ́kọ́, ó jókòó.

"Ó dúró dè mí," ló wí. Ó bọ́ gíláàsì rẹ̀. "Ta ló ṣe èyí?"

Ọ̀gá wò mí.

"Èmi ni, Mà," mo wí, pẹ̀lú ohùn Kétu mi. "Èmi àti Fúnkẹ́."

"Ẹ fi í sílẹ̀ fún wa."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, èmi ni mo pe ilé. Mo sọ fún ìyá mi pé ilé ìwòsàn gba iṣẹ́ náà.

"Kí n sọ fún onílé pé kó wá ẹlòmíràn?"

"Ẹ sọ fún un, Màámi."

"Ó dáa. Àbúrò rẹ ti ń bẹ̀ mí nítorí bẹ́ẹ̀dì rẹ."

"Ẹ jẹ́ kó máa sùn síbẹ̀."

"Rárá," ni ìyá mi wí. "Tìrẹ ni. Ṣé o ti jẹun?"

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo tètè dé Bódìjà. Mi ò gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Mo wọlé sọ́dọ̀ Fúnkẹ́, mo kí i bí a ṣe ń kíni ní Kétu, mo jókòó sórí àga rẹ̀, mo sì tú gèlè mi. Ó mú ìyarun. Nígbà tó di apá kan tán, ẹnì kan pè é níta.

"Mò ń bọ̀," ló wí.

Apá kan irun mi wà ní dídì, apá kejì wà ní títú. Mi ò fọwọ́ kàn án. Mo jókòó, mo dúró dè é.